Ẹnjiníà gboyè tán, báńkì ń pè, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ń pè: ibo ni kó lọ?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mechanical engineering ni mo kà, two-two ni mo gbé jáde. Ọdún márùn-ún tó yẹ kí n fi kà á di méje nítorí kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán lóṣù tó kọjá. Iléèwé girama ni wọ́n fi mí sí, fisíìsì ni mo fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan mímu ní Àgbárá fẹ́ gbà mí sí ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ₦140,000 lóṣù, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru. Báńkì kan náà fẹ́ gbà mí ní Ìbàdàn níbi tí ilé wa wà, ₦190,000, àmọ́ kọ́ńtíráàtì ni. Bàbá mi ní àwọn ò rán mi lọ kọ́ ẹnjiníà kí n wá lọ máa ka owó olówó. Màmá mi ní obìnrin kì í ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, kí n kọ́ kóòdù, kí n jápa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

*

Àbúrò mi, gbogbo wọn ló fẹ́ ire fún ọ, mi ò sì ní bá bàbá rẹ jà. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí èmi ìbá kọ́kọ́ béèrè: níbi iṣẹ́ méjèèjì yìí, ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò?

Mo mọ ohun táwọn èèyàn máa ń sọ. Wọ́n á ní kò sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà mọ́. Wọ́n á ní àwọn Ṣáínà àti àwọn ará Lẹ́bánónì ti gba ojú ọ̀nà àti afárá, àwọn ará Íńdíà ti gba ilé-iṣẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀gá nílé-iṣẹ́ epo nìkan ló ń rí jẹ, kí àwa tó kù yáa gba báńkì lọ, tàbí ká gba pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Wọn ò kúkú purọ́ tán. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní sátífíkéètì la ti di ẹnjiníà, tó wá ku ẹni tí yóò rà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ lé iléèwé ló ń sọ èèyàn dà á, bó bá wà lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, tí onítọ̀hún ń wo ìṣirò rẹ̀, tó sì lè sọ fún un lójú pé èyí ò dáa, lọ tún un ṣe. Ẹni tí kò bá rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ì báà tóbi tó òkè, ọjọ́ orí nìkan ló ń lé sí i.

Ní Ọ̀tà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, fóòmáànì wa ò wọ yunifásítì rí. Trade Test ló ní. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé ìgò bá ń dún ní ìdúnkídùn-ún, bàbá yẹn á mú sikuduráífà gígùn kan, á ki ẹnu rẹ̀ mọ́ ilé bẹ́ríǹgì, á fi etí ti èèkù rẹ̀, á dijú. Á ní, "Èyí ò ní rí Sátidé." Kì í sì í rí Sátidé lóòótọ́. Ohun tí òun ò mọ̀ ni ìdí tó fi jẹ́ pé bẹ́ríǹgì ibì kan náà ló ń kú léraléra. Mo bá gbé ìwé jáde. Bẹ́líìtì ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fà le jù, kó má baà máa yọ̀. Bí ẹrù orí bẹ́ríǹgì oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á lọ sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọ̀gá wa, ẹnjiníà tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń fún ẹnjiníà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi méjì, ó ní, "Lọ wọn bí bẹ́líìtì yẹn ṣe le tó ní tòótọ́, má méfò." Láàárín etí bàbá yẹn àti bírò pupa ọkùnrin yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́.

*

Ẹnì kan nínú àwọn tó ń fèsì nísàlẹ̀ yìí ti ń bú mi pé mo fojú kéré báńkì, pé ẹni tí ebi ń pa ò ní etí fún bẹ́ríǹgì.

Mi ò fojú kéré wọn. Ẹni tó bá wọ báńkì gẹ́gẹ́ bíi graduate trainee, tí wọ́n kó lọ sí iléèwé tiwọn, tó jáde tó di òṣìṣẹ́ wọn pátápátá, mi ò ní kó má lọ. Àwọn tá a jọ kàwé tí wọ́n gba ọ̀nà yẹn ti di ọ̀gá. Ọwọ́ wọn yá nínú ìṣirò, báńkì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ọmọ ẹnjiníà. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi lọ àbúrò wa kọ́ nìyẹn. Kọ́ńtíráàtì báńkì, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló máa gbà ọ́, wọ́n á wá fi ọ́ yá báńkì. Wàá wọ aṣọ wọn, wàá jókòó sí káńtà wọn, wọ́n tiẹ̀ lè ní kó o máa wá àwọn tó máa fowó pamọ́ wá. Ìgbéga wọn ò kàn ọ́. Mo mọ ẹni tó pẹ́ lórí káńtà débi pé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ló wá ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì ju ₦50,000 lọ. Ní Ìbàdàn, ilé bàbá rẹ lo máa sùn, ọbẹ̀ màmá rẹ lo máa jẹ. Ní Àgbárá, wàá gba yàrá, onílé á gba owó ọdún kan, ẹni tó mú ọ rí ilé á gba tiẹ̀, àwọn lọ́yà á tún gba tiwọn. Nítorí náà kó o tó dá wọn lóhùn, béèrè bóyá bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ń gbé òṣìṣẹ́, bóyá wọ́n ń fún yín lóúnjẹ lọ́jọ́ iṣẹ́, àti bí ìtọ́jú ìlera wọn ṣe jẹ́. Bí nǹkan bá le nílé débi pé owó rẹ làwọn àbúrò rẹ fi máa lọ síléèwé, máa lọ sí báńkì, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, tó fi mọ́ èmi, fi ojú burúkú wò ọ́.

*

Sí arákùnrin tó ní kó máa gba iléeṣẹ́ epo lọ: báwo?

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí a máa ń la àlá wọn nígbà tá a wà ní yunifásítì ti ń ta àwọn kànga wọn tó wà lórí ilẹ̀ àti nínú omi tí kò jìn. Agip ti bọ́ sọ́wọ́ Oando ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ExxonMobil ta tiẹ̀ fún Seplat ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Shell ta SPDC, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀, fún Renaissance ní oṣù kẹta ọdún 2025. Iṣẹ́ epo ò parí o. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló yí padà. Ẹni tó bá ń dúró de fọ́ọ̀mù ńlá kan tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó ń fẹ́ two-one, tó sì ń wo ọjọ́ orí, á dúró pẹ́. Àwọn kọ́ńtírákítọ̀ tó ń tún fáàfù ṣe, tó ń jó páìpù, tó ń yẹ tánkì wò, ni wọ́n ń gba ọmọ tuntun. Bákan náà ni ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ilé ìfọpo tí wọ́n kọ́ kó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Irú ibẹ̀ ń wá ẹni tó ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Pọ́ǹpù ni pọ́ǹpù, ì báà jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń fà tàbí epo rọ̀bì.

Ní ti two-two, ó ń dá èèyàn dúró ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mi ò tíì rí ọ̀gá tó fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́.

*

Ẹlòmíràn béèrè nísàlẹ̀ yìí: "Ṣé COREN yẹn wúlò ni àbí owó ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Ó dá lórí ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Bó bá jẹ́ inú ilé-iṣẹ́ lo máa wà, tó ò ń tún ẹ̀rọ ṣe, o lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1970 ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2018, ohun tó sì sọ yé ọmọdé: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Àwọn "Engr." tá à ń rí lára káàdì ìpè ìgbéyàwó yẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí ìwé yẹn ti ń jẹ́ ìwé gan-an ni ibi tí èèyàn ti ń buwọ́ lu àwòrán ilé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa béèrè rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún yín, kẹ́ ẹ wá sọ bóyá mo parọ́. Wọ́n ń fẹ́ ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó o gboyè, wọ́n ń fẹ́ ìròyìn ohun tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe, wọ́n sì ń fẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ti forúkọ sílẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ ti rí ẹlẹ́rìí lórí káńtà báńkì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní HND, mo gbọ́ igbe yín. Ìwé ti technologist ni COREN ń fún yín, owó oṣù ò sì dọ́gba níbi púpọ̀. Ìrẹ́jẹ ni lójú tèmi, nítorí àwọn ọmọ póli tí mo bá ṣiṣẹ́ mọ ìdí ẹ̀rọ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

*

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ. Àwọn kan ti ń fi màmá rẹ rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ yìí pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ló ń sọ. Òfin wà lẹ́yìn màmá o. Abala 55 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ló sọ pé kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ òru nílé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àyàfi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Ìjà òfin kọ́ ni mo fẹ́ kó o lọ bá wọn jà. Béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é fáwọn obìnrin tó ti wà níbẹ̀: mélòó ni wọ́n, ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, ta ló ń gbé wọn lọ sílé tí iṣẹ́ bá parí láago mẹ́wàá alẹ́? Bí wọ́n bá ní kò sí obìnrin kankan nínú ẹ̀ka yẹn, kò burú, àmọ́ kó o mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ sì yé sọ pé obìnrin ò lè débi gíga nínú iṣẹ́ yìí. Láti 1958 ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ti wà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà ni Margaret Oguntala, ó gorí àlééfà ní 2024. Ó pẹ́ jù, mo gbà.

*

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ní kó o kọ́ kóòdù, sọ fún un pé kóòdù wà ní Àgbárá. Ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan mímu sínú ìgò, PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ, ló ń darí rẹ̀: ìgbà tí fáàfù á ṣí, ìgbà tí ìgò á dúró, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan kọ sínú àpótí kékeré tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù iná. Bí ẹ̀rọ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ láago méjì òru, ẹni tó lè ṣí kọ̀ǹpútà, kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó mọ sẹ́ńsọ̀ tó kú, òun ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń san owó gọbọi fún ẹni tó máa fò wá láti òkè òkun wá ṣe é. Mechanical tó bá mọ PLC ní ẹsẹ̀ méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kóòdù ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, kó kọ́ ọ. Iṣẹ́ ni. Kó má kàn sọ pé òun ń sá fún ẹnjiníà torí pé ó le. Níbẹ̀ náà, ọ̀gá tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni kó kọ́kọ́ wá.

*

Ẹ̀yin onísólà, mo mọ̀ pé ẹ máa dé.

Ẹ máa ní kó lọ ṣe iṣẹ́ sólà, pé owó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, láti ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-hour kan. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ẹni tó rọ́wọ́ mú ti ń wá páànẹ́lì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rewáyà ń ti inú rẹ̀ kọ́lé. Àmọ́ kí àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní òun fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sólà sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, mi ò fara mọ́ ọn. Bó o bá fẹ́ bá àwọn ọmọ yẹn du gígun òrùlé àti lílu ihò, wọ́n á fi ọ́ sẹ́yìn, ó ti mọ́ wọn lára.

Wọ́n pè mí lọ síbì kan ní Akóbọ̀, wọ́n ní ínfátà ń pa ara rẹ̀ bí wọ́n bá ti tan éàsì. Ínfátà 5 kVA, bátìrì fólítì 48. Iṣẹ́ ọmọkùnrin tó ṣe é mọ́ tónítóní: wáyà tò gbọọrọ, gbogbo bọ́ọ̀tì le. Mo fọwọ́ kan wáyà tó ti ara bátìrì bọ̀, mo yára fà á kúrò. Rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ níbi tó ti wọ orí bátìrì. Wáyà 10 mm² ló fà. Ẹrù kilowatt 4 ní fólítì 48 ju àmpíà 80 lọ, 10 mm² ò lè gbé e pẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ yẹn rí pé kó fi fólítì pín wọ́ọ̀tì kó tó lọ ra wáyà. Iṣẹ́ ti ẹnjiníà nìyẹn, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àìṣe é ni ì bá sì ti jó ilé yẹn. Nítorí náà, àbúrò tó fẹ́ ṣe sólà, lọ bá ẹni tó ti ń ṣe é fún ilé-ìwòsàn àti ilé ìtura, kó máa yẹ àwòrán rẹ wò fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o wá gba àwọn ọmọ olórùlé síṣẹ́.

*

Jápa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, ọ̀rẹ́ mi tó kù nílùú ò pọ̀ mọ́.

Ẹ kàn mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá lọ. Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de kí ẹni tó lọ ka másítà oníkíláàsì máa mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ dání láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ọdún méjì tí wọ́n ń fún yín láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, wọ́n ti ní yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó ka ẹnjiníà ní ọdún kan láti ṣiṣẹ́, ó lè fi oṣù 24 kún un. Àwọn tó kọjá lọ tán tí wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ wíwẹ arúgbó tàbí dídá ẹrù sílẹ̀ nílé ìkẹ́rù, kì í ṣe pé orí wọn ò pé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn bá lọ ni ìwé nìkan, kò sí ìrírí tí ẹnikẹ́ni lè jẹ́rìí sí.

Ontario ní Kánádà yọ òfin pé kí èèyàn ní ìrírí ọdún kan nínú Kánádà kó tó lè gba P.Eng., ìwé àṣẹ ẹnjiníà tiwọn, kúrò ní 2023. Ìrírí ọdún mẹ́rin ni wọ́n ṣì ń béèrè, pẹ̀lú ẹni tó máa jẹ́rìí sí i. PTDF tó ń rán ọmọ Nàìjíríà lọ ka másítà lókè òkun náà ti ń kọ ọ́ sínú ìpolongo wọn pé àwọn lè gba two-two bí onítọ̀hún bá ní ìrírí nílé-iṣẹ́. Ẹ rí i pé ọ̀nà Àgbárá àti ọ̀nà òkè òkun ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

*

Àbúrò wa kọ̀wé padà: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n wá rí ọ̀gá ẹ̀ka yẹn ní Àgbárá lọ́jọ́ Ajé. Ṣé mo lè bi í ní gbogbo èyí láìjẹ́ pé ó rí mi bí aláfojúdi?"

O lè bi í. Má bi í bí ẹni tó ń dán an wò. Kí i dáadáa, jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, wọ́n á béèrè bóyá o ní ìbéèrè. Ní kó jọ̀ọ́, ta ni wàá máa jíhìn fún, ṣé onítọ̀hún ti forúkọ sílẹ̀ ní COREN. Ní kó sọ fún ọ ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ń ṣe báyìí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ láàárín oṣù mẹ́fà, wàá gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ní kó jẹ́ kó o wo ìwé tí wọ́n ń kọ àtúnṣe ẹ̀rọ sí. Èyí ni mo kà sí jù. Bí ìwé yẹn bá wà, tí ẹnì kan ń kọ̀ ọ́, tí ẹlòmíràn ń buwọ́ lù ú, gba iṣẹ́ náà, kó o sì fọgbọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ₦20,000 kún un nítorí ilé. Bí wọn ò bá lè fi kún un, gbà á bẹ́ẹ̀.

Bó bá ní ìwé kankan ò sí, pé iná tó bá jó làwọn ń pa, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o padà sí Ìbàdàn. Gba iṣẹ́ báńkì yẹn, kó o máa fi Sátidé wá ibòmíràn. Bàbá rẹ á bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Á gbàgbé.